Abẹ́rẹ́ Àárọ̀

Babárìndé ti ń tú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá àbúrò rẹ̀ kọ́rùn kí Túnráyọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Ọlọ́runníyì, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní ká má tú u," ó ní fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Dókítà tìrẹ nìyẹn. Àjàgbé, ṣé ó ń dùn ọ́?"

Àjàgbé mi orí. Kò dùn ún rárá, Túnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì mọ ìdí rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ìkórè kòkó ọdún 1956 yìí ni ọkọ rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí àpáta ní ọ̀nà oko Aládé, tòun tẹrù, tí èjìká rẹ̀ fọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti là á, tí wọ́n to eegun rẹ̀. Kí wọ́n tó ní kí tọkọtaya náà máa lọ láàárọ̀ yìí, wọ́n tún gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ibẹ̀ kú, kí gbígbọ̀n mọ́tò má baà ni ín lára. Dókítà fi ìgò oògùn oníhóró lé Túnráyọ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ọkọ rẹ̀ lò ó lọ́sàn-án gangan, kí agbára abẹ́rẹ́ náà tó tán. Bí ìrora bá fi lè ṣáájú oògùn, apá kò ní ká a mọ́.

Gbogbo èyí ló rò fún Babárìndé. Ṣùgbọ́n alàgbà ìjọ Aládùúrà ni ọkùnrin náà, wọn kì í lo oògùn nílé rẹ̀. Ó gba ìgò náà, ó da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn ará ìjọ. Lójú wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di apá tí wọ́n là mú, ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àjàgbé kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní Olúwa ti wo òun sàn, wọ́n sì bú sórin. Inú bí Túnráyọ̀ gan-an.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Orin ṣì ń lọ nígbà tí Àjàgbé rọra dìde bí ẹni fẹ́ mumi. Nílẹ̀ yàrá ni Túnráyọ̀ bá a, ó ki etí aṣọ bọnu, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára báńdéèjì.

Babárìndé wọlé tẹ̀ lé e. "Àìgbàgbọ́ ló fa èyí. Ìyàwó, kúnlẹ̀, kí o jẹ́wọ́."

Ọdún mọ́kànlá ni Túnráyọ̀ ti ń kúnlẹ̀ fún un.

"N kò ní kúnlẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ da oògùn nù. Ẹ̀yin lẹ fa ojú ọgbẹ́ ya. Bí apá yìí bá rọ, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó máa bá a ká kòkó?"

Ó ní kí ọkọ òun dìde, kí àwọn padà sílé ìwòsàn. Àjàgbé bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn gba ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn ará ìjọ má baà rí òun. Ìbínú tí Túnráyọ̀ ti ń gbé mì láti àárọ̀ wá bẹ́ sórí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, ṣé ìtìjú ló ń dùn yín ju apá lọ? Ó dáa, ẹ jókòó síbẹ̀."

Ó kọrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì jìnnà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Àjàgbé kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri.

"Ẹ dákun, ẹ má kọrin mọ́. Apá mi kò sàn. Abẹ́rẹ́ ló pa á. Ó ti jí báyìí, ó sì ń dùn mí."

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ dìde, ó sún ìjókòó rẹ̀ kúrò kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá.