Káàdì Tí Aránṣọ Rà Níkọ̀kọ̀

Ọjọ́ tí Kékeré gbé firíìjì wá fún ìyá wọn ni nǹkan kan ta Aránṣọ láyà, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, Aránṣọ tó jẹ́ àkọ́bí ni ọwọ́ ọ̀tún ìyá. Bí òrùlé bá ń jò, òun ni wọ́n ń pè. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá tán, òun ni. Owó abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi rán Kékeré níléèwé, títí ọmọ náà fi ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan, tó ń fi kọ̀ǹpútà ya pátákó ìpolówó. Kò sí ẹni tó ń bá Aránṣọ du ipò yẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun fẹ́ràn ipò náà tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ọkùnrin méjì gbé firíìjì funfun gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí Màmá sì ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ ìkókó lára.

"Ọmọ mi kékeré ló ra eléyìí," ni Màmá ń wí fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i. "Ọmọ mi kékeré."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Nígbà tó ku òun àti àbúrò rẹ̀ nílé ìdáná, ó rọra bi í pé, "Níbo lo ti rówó?"

"Kírípítò ni, ẹ̀gbọ́n mi, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú ilé mi ni mo ti ń wà á. Ẹ yà wá wò ó lọ́jọ́ kan."

Ó yẹ kó má lọ, àmọ́ owú kì í jẹ́ kí èèyàn fìdí mọ́lé. Ó lọ. Yàrá kótópó tó yẹ kí wọ́n máa kó ẹrù sí ni ẹ̀rọ náà wà. Férémù irin kan ni, kò ga ju orúnkún lọ, káàdì kọ̀ǹpútà mẹ́rin tò sórí rẹ̀ bí ìwé tó tò sórí pẹpẹ, fáànù wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń hùn. Yàrá náà móoru bí ẹ̀yìn ààrò.

"Àwọn tó ń ṣe eré géèmù ló ń ra irú káàdì yìí," ni Kékeré ṣàlàyé, "kí àwòrán lè dán lójú kọ̀ǹpútà wọn. Àmọ́ ó mọ ìṣirò ṣe kíákíá. Ẹ rí i, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, kò ní báńkì tó ń bá wọn ṣọ́ ọ. Àwọn ẹ̀rọ bíi tèmi kárí ayé ló ń yẹ̀ ẹ́ wò pé lágbájá san, làkáṣègbè gbà. Wọ́n á wá já bíńtín fún wa nínú owó náà fún làálàá wa. Wíwa kùsà ni wọ́n ń pè é."

"Owó ọ̀fẹ́ nìyẹn."

"Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀ o. Nǹkan yìí ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ti ń pa bọ̀ láti àná. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín."

"Èmi?" Aránṣọ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó mi í jẹ."

Àmọ́ kó tó dé ilé ló ti ń fọkàn ka ohun tó rí. Férémù, káàdì mẹ́rin, fáànù. Ṣé ohun tí ọmọ tí òun pọ̀n sẹ́yìn lè ṣe ni òun ò ní lè ṣe? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè lákìísà bí àgbà ni? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Owó tó ti ń tọ́jú pa mọ́ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ló kó jáde, ó fi ra káàdì mẹ́rin tí àwọn kan ti lò rí, àti gbogbo ohun tó kù. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé, láàárín àjákù aṣọ àti àpótí bọ́tìnnì, ló tò ó sí. Fídíò orí fóònù ló ń wò, ti ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹ̀rọ náà tan. Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa ló rí i pé mẹ́ta péré ló ń kà nínú káàdì mẹ́rin.

Ó ṣe é, ó ṣe é, kò rí i ṣe. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò bi? Nígbà tó yá, ó pe Kékeré.

"Oníbàárà mi kan ló ra irú ẹ̀rọ tìrẹ yẹn," ló sọ. "Káàdì mẹ́rin ló ní, mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń rí. Ó ní kí n bá òun bi ọ́."

Kékeré dáhùn pé, "Ẹ sọ fún oníbàárà yín kó pa iná rẹ̀, kó yọ gbogbo káàdì, kó wá máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan dán an wò. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, kó fi wáyà rẹ̀ dán èyí tí kò ṣiṣẹ́ wò. Kó má yí nǹkan méjì pa pọ̀ o, torí kò ní mọ èyí tó ṣe é."

Wáyà kan ló bàjẹ́, kì í ṣe káàdì. Aránṣọ pààrọ̀ rẹ̀, káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jí. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ adùn náà ní ìkorò nínú, nítorí ẹnu Kékeré ló ti wá.

Kò tíì gbádùn rẹ̀ tán tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ àrùn mìíràn. Yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò kú. Bó bá tún tàn án, yóò tún kú. Ó tún pe àbúrò rẹ̀ nítorí "oníbàárà" náà.

"Bí kì í bá ṣe ooru, a jẹ́ pé àpótí tó ń pín iná fún wọn kò lè gbé e," ni Kékeré dáhùn. "Kó dín iná tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń fà kù. Ohun tó ń mú wọlé kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín, àmọ́ ara rẹ̀ á tutù. Kó sì tún fáànù wò, bóyá eruku ti dí i."

Aránṣọ kí i pé ó ṣeun. Àmọ́ bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló pòṣé. Kó dín in kù? Ẹni tó ti ń jẹun ló ń sọ fún ẹni tí ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ pé kó bu kékeré. Ó rántí bí Màmá ṣe ń pe "ọmọ mi kékeré" yẹn, ó sì dá a lójú pé àbúrò òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí já jẹ nínú nǹkan náà, ìbáà ṣe oníbàárà tí kò mọ̀ rí. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń dín iná káàdì kù nínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi kún un. Fáànù ńkọ́? Kò tilẹ̀ yà síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ń hùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iná tí wọ́n ń rà sínú mítà, tó máa ń gbé wọn dé òpin oṣù tẹ́lẹ̀, wá ń tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tí kì í sábà wà nílé, dúró níwájú mítà lọ́jọ́ kan, ó ń mi orí.

"Ìyàwó mi," ló wí, "àbí àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu iná bí ẹni mu ọtí?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀," ni Aránṣọ fèsì, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó ń wọn aṣọ fún obìnrin olùkọ́ kan, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ náà lọ́wọ́, ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú.

"Ṣé ẹ gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ni?"

Aránṣọ tu abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sáré fa kọ́tìnì. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gòkè láti ara káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnu wáyà tó ń gbé iná fún un ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ṣingọ́ọ̀mù. Aṣọ funfun tí wọn yóò fi ṣe inú aṣọ ìyàwó kan sì wà nílẹ̀, kò jìnnà sí i rárá. Aránṣọ já iná lára ògiri, ó sì fi ẹsẹ̀ ti aṣọ náà sẹ́yìn. Olùkọ́ kò dúró kí wọ́n parí aṣọ. Ó lọ bẹ́ẹ̀, apá kan aṣọ rẹ̀ gùn, ìkejì kúrú.

Òórùn náà kò tíì lọ nígbà tí Kékeré wọlé. Màmá ló rán an wá gba bùbá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lọ tààrà sẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ṣé oníbàárà yẹn nìyí?" ló béèrè.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa abẹ́rẹ́ tó tu sílẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́ fáànù lẹ́yìn ohùn yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Bí ẹ bá ní oníbàárà ni, oníbàárà ni."

Kékeré kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ náà, ó tú káàdì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhùhù aṣọ ti wé mọ́ fáànù wọn bí ìtẹ́ ẹyẹ, ti aṣọ aláwọ̀ ewé, ti pupa, ti gbogbo aṣọ tí Aránṣọ ti gé láti ọjọ́ yìí. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi gbá a kúrò. Mẹ́ta yè. Èyí tó jóná kò dáhùn mọ́.

"Mo ní kí ẹ dín in kù," ló rọra wí.

"Mo fi kún un."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ìwọ lo ní kí n dín in kù."

Kékeré gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè ohun tí mítà ń jẹ lójúmọ́, Aránṣọ sì sọ fún un. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ, ó fa ìlà kan sórí tábìlì ìgéṣọ. "Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń mú wọlé nìyí, bí kò bá tiẹ̀ kú rárá." Ó fa ìkejì sábẹ́ rẹ̀. "Owó iná nìyí." Ìlà kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Aránṣọ tó ti ń wọn aṣọ láti ọmọdé kò nílò téèpù kó tó mọ ohun tó ń wò. Bí ẹ̀rọ òun bá ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i ni òun ń pàdánù sí i.

"Kí ló wá dé tí tìẹ fi ń jèrè?"

"Èmi kì í san owó iná. Ó wà nínú owó ilé." Kékeré gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. "Àmọ́ onílé ti rí owó iná tí wọ́n ń bù fún un, ó sì ti figbe ta. Láti oṣù tó ń bọ̀, kálukú á ní mítà tirẹ̀. Tèmi náà ti parí."

Ayọ̀ kan fò sókè nínú Aránṣọ kó tó rí i mú. Ó gbé e mì, ó sì tì í lójú bí ìgbà tí wọ́n bá gbá èèyàn mú níbi tó ti ń jalè. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àṣé inú ti ń run Kékeré, òun ò kàn mọ̀ ni.

"Firíìjì yẹn gan-an," ni Kékeré ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "owó oṣù mi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí Màmá yìn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìfi 'bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ' sí i."

"Ìwọ ń jowú mi?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín. Ta ni ò ní jowú yín?"

Aránṣọ wo ara rẹ̀: ìhùhù lórí, ṣọ́ọ̀kì lára, òórùn ike jíjóná lára aṣọ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, èyí tó wá kò yé òun fúnra rẹ̀. Ó lọ mú bùbá Màmá, ó ká a, ó fi sínú ọ̀rá, ó sì fi bébà kékeré tó ṣẹ́kù nínú àpótí wé bọ́tìnnì àfikún sí i.

Wọ́n jọ lọ ta káàdì àwọn méjèèjì, mẹ́rin ti Kékeré àti mẹ́ta ti Aránṣọ. Ọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán eré ló ń rà wọ́n. Ó gbé wọn sórí tábìlì, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tan iná fóònù sójú fáànù wọn bí dókítà tó ń wo ọ̀fun aláìsàn.

"Mẹ́rin yìí mọ́ tónítóní," ló wí nípa ti Kékeré. "Ẹni tó lò wọ́n mọ ohun tó ń ṣe. Mẹ́ta yìí ni..." Ó mi orí. Owó tó fún Kékeré lórí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó fún Aránṣọ lórí méjì.

Wọ́n gba ojú pópó padà, oòrùn ń yí lọ, àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Aránṣọ ń rìn díẹ̀ níwájú. Kékeré yára bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti ń jowú."

Aránṣọ fẹ́ sọ pé rárá. Ẹnu rẹ̀ ti là.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kékeré bú sẹ́rìn-ín, ó fi apá kọ́ apá rẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ. Aránṣọ jẹ́ kó kọ́ ọ lápá, àmọ́ kò tíì dárí ji ọmọ náà nítorí fáànù tó mọ́ tónítóní yẹn.