Ohun Tí Àlejò Yẹ Kó Mọ̀ Nípa Àgbọnlá

…kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ìṣísẹ̀ ogójì péré ni kànga náà fi jìnnà sí òkun. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àṣàbí, tí mo dé sí ilé rẹ̀, ní omi òjò ni: ó ń rin wọ inú iyanrìn, á wá léfòó sórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ jìn jù ti bà á jẹ́.

(Ìwé àkọsílẹ̀ mi nìyí. Oṣù kejì, 1974. Èmi, Tájù Odùbánjọ, akọ̀wé. Ọ́fíìsì ìpolówó wa ní Èkó ló rán mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ajah, mo gúnlẹ̀ sí erékùṣù Àgbọnlá. Iṣẹ́ mi: ohun mẹ́wàá tó lè mú kí àlejò fẹ́ wá síbẹ̀. Ìkẹrin lẹ kà tán yẹn.)

5.

Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì. Èèyàn lè ti etí ọ̀kan rìn dé etí èkejì kí iṣu tó jinná.

6.

Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn. Bí ará ibí bá rí i lóru, á pa iná ọwọ́ rẹ̀ kí ẹranko náà má baà sá.

—

*Ní ìdí ààrò tí Ìyá Àṣàbí ti ń yan ẹja:*

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi tí òkun bá ti pa rọ́rọ́, kí wọ́n má wọ ibẹ̀.

ÈMI: Ibi tó pa rọ́rọ́, Mà? Ṣé kì í ṣe ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ló yẹ ká sá fún?

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Ibi tí ìgbì ti ń fọ́, omi ń bọ̀ wá sókè níbẹ̀. Ibi tó pa rọ́rọ́ yẹn lọ̀nà tó ń gbà padà sínú agbami.

ÈMI: Mo ti gbọ́, Mà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò kọ ọ́.

—

Ọ̀sán gangan. Oòrùn ń jó mi lẹ́yìn. Mo bọ́ ṣòkòtò, mo ká a lé ìwé mi lórí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Mo wá ibi tó pa rọ́rọ́.

7.

Omi dé orúnkún.

8.

Omi dé ìbàdí.

9.

Ilẹ̀ ò sí mọ́.

—

Mi ò rántí èyí tó ṣáájú nínú wọn:

iyọ̀

pé mo ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ sí etí òkun, etí òkun sì ń jìnnà sí mi

pé mi ò tíì sanwó ilé mi (mi ò mọ ìdí tí mo fi ronú kan ìyẹn)

ohùn obìnrin kan

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Akọ̀wé! Má bá a jà! Léfòó! Jẹ́ kó gbé ẹ! Gba ẹ̀gbẹ́! Ẹ̀gbẹ́! Ibi tí ìgbì ti ń fọ́!

—

*Ohun tí Gàníyù, ọmọ Ìyá Àṣàbí, sọ fún mi lẹ́yìn náà:*

"Àwọ̀n ni mò ń tún ṣe. Mo rí Màámi tí wọ́n ń sáré létí omi, wọ́n ń fọwọ́ júwe ọ̀nà fún yín. Mi ò rí i kí wọ́n sáré rí. Kò sí bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gba ojú ìgbì yẹn kọjá, ni mo bá lọ dúró síbi tí omi máa gbé yín já sí. Ìgbì kẹta ló gbé yín wá. Irun yín lọwọ́ mi bà. Ẹ má bínú."

—

*Ohun tí Ìyá Àṣàbí fún mi lọ́jọ́ náà:*

ìró kan, kí n fi bora

omi àgbọn, kí iyọ̀ lè kúrò lọ́fun mi

ẹja, ó ti bá mi yọ eegun rẹ̀

Kò bá mi wí.

10.

Ibi tí òkun Àgbọnlá bá ti pa rọ́rọ́, ẹ má wọ ibẹ̀. Bí ó bá ti gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́.

—

*Ọ̀gbẹ́ni Odùbánjọ,*

*Ìkẹwàá yín yìí yóò dẹ́rù ba àlejò. Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi bí oòrùn ṣe ń wọ̀ rọ́pò rẹ̀.*

*Olúsànyà, Ọ̀gá Ìpolówó*

—

*Ọ̀gá,*

*Ẹ ṣeun. Lóòótọ́, oòrùn ibẹ̀ rẹwà bó bá ń wọ̀. Ẹ lè yọ mẹ́sàn-án yòókù.*

*Tájù Odùbánjọ*

—

Oṣù kan. Kò sí èsì.

—

*Oṣù kẹrin. Mo padà sí Àgbọnlá. Mo ra aṣọ dání. Ìyá Àṣàbí jókòó lẹ́nu ọ̀nà:*

ÈMI: Ìyá, mo wá dúpẹ́ ni.

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Ìgbà tí o mí létí omi lọ́jọ́ náà lo ti dúpẹ́. Aṣọ yìí mà dára o. Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ.

ÈMI: Mo fẹ́ fi orúkọ yín sínú ìwé náà, pé ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Ṣé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́?

ÈMI: Mi ò mọ̀, Mà.

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Rùkáyàt. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó wọ ibi tó pa rọ́rọ́ yẹn. Gbogbo wa pé sí etí omi, a sì ń kígbe. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan la ń pè. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ká sọ fún un.

Mo ṣí ìwé mi.

ÌYÁ ÀṢÀBÍ: Orúkọ tiẹ̀ ni kí o kọ.

—

Rùkáyàt.

—

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ lápá ọ̀sà. Àlejò mẹ́fà. Wọ́n la erékùṣù kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dé etí òkun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà.

Ìyá Àṣàbí ti dìde.

Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.