Ògiri Tí Mo Fẹ̀yìn Tì

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tẹ ìṣó wọ inú àpáta rí, àpáta náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn tún ògiri inú ilé onítáyà wọn ṣe.

Ilé kékeré tí mọ́tò ń fà káàkiri ni. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi; inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ni àwọn àti ọkọ wọn ń sùn tí wọ́n bá rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ṣe ògiri ẹ̀ ti tú kúrò lára igi tó gbé e dúró. Ó ń mì bí eyín iwájú ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Àfẹ̀mọ́jú ọ̀la là ń lọ sétí òkun," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àyè ẹnì kan ṣì kù nínú mọ́tò. Tí ògiri yìí bá dúró, ìwọ la máa mú lọ. Tí ò bá dúró, wàá jókòó ti àwọn adìyẹ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ẹ gbọ́ ná, n ò rí òkun rí. Mo sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti mu ún gbẹ lẹ́ẹ̀mejì! Àwọn adìyẹ yẹn ńkọ́? Àkùkọ kan wà níbẹ̀ tó ga jù mí lọ.

Mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ. Bàbá náà fún mi ní gọ́ọ̀mù agolo kan àti ọ̀pá méjì.

"Fi ìka kan ògiri," wọ́n ní. "Ibi tó bá dún kọ́, igi wà lẹ́yìn ẹ̀. Fi gọ́ọ̀mù sí igi yẹn, tẹ pákó mọ́ ọn, kí o fi ọ̀pá tì í láti ògiri kejì. Má yọ ọ́ o, títí di alẹ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Tí gọ́ọ̀mù bá ti rí mi, ńṣe ló ń sáré gbẹ."

Mo ṣiṣẹ́, n ò purọ́. Mo kan ògiri kọ́-kọ́-kọ́ títí tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń fẹ́ táyà níta fi pariwo "Wọlé!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo fi ọ̀pá tì í. Ògiri dúró ṣánṣán.

Bẹ́ẹ̀ ni tíì bẹ̀rẹ̀ sí wù mí. Ibi tí igi ìdáná wà sì jìn, ó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá! Mo wo àwọn ọ̀pá, àwọn ọ̀pá wò mí.

Tíì náà hó dáadáa. Mi ò tíì mu ún dé ìdajì tí pákó fi ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ikùn ẹni tó jẹun yó. Mo fò dìde, mo fẹ̀yìn tì í. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

"Alásọdùn, ṣé o ti parí?"

"Àǹtí, tí erin méje bá forí sọ ọ́, àwọn erin ló máa dèrò ọsibítù."

"Ó dáa. Sún, kí n wò ó."

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Wọ́n gbé àwo ẹran díndín ka orí máṣíìnì ìránṣọ lápá kejì. "Wá jẹ ẹran."

"Mo ti yó."

Ẹ̀gbọ́n mi lanu. "Ìwọ? Ẹran? O yó? Olówó orí mi, ẹ sáré wá o! Àbúrò mi ń kú lọ!"

Ọkọ wọn wọlé, ó mú kùkùté igi jíjóná kan lọ́wọ́. "Abẹ́ kẹ́tùlù ni mo ti rí èyí. Ṣebí ọ̀pá káfíńtà ni?"

"Àrá ló sán pa á," mo dáhùn.

"Nínú oòrùn yìí?"

"Àrá kékeré ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ni ọkùnrin náà bá fa àwo sọ́dọ̀, ó ń jẹ ẹran níkọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí lójú. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ẹsẹ̀ mi gbéra láìbi mí. Ìgbésẹ̀ kan péré!

Gbàà! Pákó tú, ó tẹ̀lé mi. Gọ́ọ̀mù tó ṣàn jáde létí ẹ̀ ti mú ẹ̀wù mi. Mo dojú kọ ilẹ̀kùn, ògiri wà lẹ́yìn mi bí ìyẹ́, ilẹ̀kùn ò gbà wá.

"Gbé ògiri mi kalẹ̀!" ẹ̀gbọ́n mi figbe ta, sísọ́ọ̀sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

Mo bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ fún ògiri, mo fò jáde, mo ki eré mọ́lẹ̀. Òjìji mi ò bá mi títí mo fi kọjá ọgbà adìyẹ. Àkùkọ yẹn nìkan ló bá mi.