Ọ̀sẹ̀ Méjì Inú Káàdì

Mẹ́tàlá. Mo ti fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ló ṣì wà nínú káàdì oyún yìí, ọjọ́ kejì oṣù Júnù. Ìwé kì í parọ́. Ohun tí mo sọ fún Ràdíátù ọmọ mi nìyẹn... kò sì parọ́. Ọlọ́run mi, kò parọ́ lóòótọ́.

Èmi ni mo kà á bí ẹni ń ka àpò sìmẹ́ńtì. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ru ẹrù ní èbúté Kirikiri, kò sí akọ̀wé tó rẹ́ mi jẹ lápò kan. Kazeem ọkọ rẹ̀ wa tírélà lọ sí Kánò láti oṣù Fẹ́búárì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Máàṣì ló tó dé. Láti ìgbà náà dé ọjọ́ tí wọ́n kọ káàdì, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré. Oyún wá pé mẹ́tàlá. Méjì tó lé, ta ló ni ín? Bí mo ṣe bi í nìyẹn, ọmọ tí mo bí. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàámi, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì."

Mo pe Kazeem.

Kí ló lé mi débẹ̀... Ó wà lórí ìlà àwọn tírélà ní èbúté Tin Can, ọjọ́ kẹta tí wọn kò jẹ́ kó wọlé. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ọjọ́, oṣù, ọ̀sẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kó máa wà lọ́dọ̀ yín."

Ọjọ́ mẹ́jọ rèé. Kazeem kò gbé ìpè ìyàwó rẹ̀. Ràdíátù kọjú sí ògiri nínú yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀, omi ló ń mu, kò jẹun. Aláboyún, kò jẹun. Bí nǹkan bá ṣe oyún yẹn — rárá. Rárá o.

Mo wá síbí láàárọ̀ yìí kí wọ́n lè bá mi lu òǹtẹ̀ sí káàdì náà, kí àwọn ẹbí Kazeem rí i. Nọ́ọ̀sì Ebiere rẹ́rìn-ín. "Baba, no be so we dey count am." Ó ní dókítà pàápàá kò mọ ọjọ́ tí oyún dúró. Ọjọ́ tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà. Ọjọ́ kẹta oṣù Máàṣì ni ti Ràdíátù. Wọ́n á yọ oṣù mẹ́ta, wọ́n á fi ọjọ́ méje kún un: ọjọ́ kẹwàá oṣù Dìsẹ́ńbà ni wọ́n ń retí ọmọ. Nínú mẹ́tàlá yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oyún kò tíì sí rárá. Ó ní, "Ìyàwó yín náà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ka oyún tirẹ̀." Ó wá bi mí bóyá mo ti bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Mo ní rárá.

Fóònù rèé lọ́wọ́ mi. Màá ní ọsibítù ló ṣì í kọ, wọ́n ti tún un ṣe... Kazeem á gbà. Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá ṣì wà nínú káàdì. Kò sẹ́ni tó tún nǹkan kan ṣe. Obìnrin wo ló wà ládùúgbò wa tí kì bá sọ fún mi, ká ní mo béèrè? N kò béèrè. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé —

Mo ti lé láàádọ́ta ọdún kí n tó mọ A kà. Ara kọ̀nténà ni mo ti kọ́ ọ, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé ìwé kan wá bá mi nílé pé kí n bá òun kà á. Káàdì yìí náà, orí àga ni mo ti bá a. Èmi nìkan ni mo rí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, èmi. Ọmọ mi wà lórí eékún, ó ń wo ẹnu mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀...

Inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, inú mi ń dùn.