Ohùn Kejì Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí làákàyè ṣe ń tán lórí àgbàlagbà, kó wá jókòó sí pálọ̀ atún-aago-ṣe ní ọ̀sán Sátidé. Ọkùnrin mẹ́ta tó ti bímọ, tí irun wọn ti ń funfun, ni wọ́n máa ń dojú kọ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á máa bára wọn jà lórí ibi tí olórin kan tí kò mọ̀ wọ́n rí ti mí èémí. Atún-aago-ṣe ló nilé. Tíṣà àti Bíríkìlà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká etí ṣòkòtò oníbàárà, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìdọ̀tí.

Baba Onígìtá ni wọ́n ń pe olórin ọ̀hún. Orin àwọn ará ìgbàanì ló máa ń mú, á wá fi gìtá oníná àti ìlù aláriwo gbé e sókè. Tíṣà ní kò síbi tí ohùn rẹ̀ ti dùn tó inú orin tó fi sunkún bàbá rẹ̀. Bíríkìlà ní irọ́ gbuu ni, pé ìgbà tó bá ń han gooro lohùn ẹ̀ ń dára. Ẹ gbà mí o! Bíríkìlà tí ìyàwó ẹ̀ á pè títí láti ilé ìdáná tí kò ní gbọ́, òun náà ló ń ṣe adájọ́ ohùn.

Ṣùgbọ́n ọkọ aránṣọ ló wá burú jù. Òun ní tòun, etí tó ń gbọ́ èémí aago kò lè ṣi orin gbọ́. Orin atukọ̀ kan wà tó gbà sílẹ̀ láti orí rédíò nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ní ìparí rẹ̀, ohùn kejì kan wà tó ń rọra gba abẹ́ ti àkọ́kọ́ kọjá bí omi ṣe ń gba abẹ́ yanrìn. Ó ní Baba Onígìtá ló fi ohùn méjì kọrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé kò tún kọrin tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé ẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti ń parí báyìí, á sáré tẹ kásẹ́ẹ̀tì dúró, á dá a padà, wọ́n á tún gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gbà, adití ni.

Aránṣọ mọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Òun gan-an ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ gba orin náà sílẹ̀, ìdí máṣíìnì yìí náà ló wà tó ń gbe orin, tí ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ gbé síwájú rédíò sì gba ohùn rẹ̀ mọ́ ti olórin. Orin kíkọ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ló pa á mọ́ ọn lẹ́nu: bó bá ti lanu, á ní ohùn ẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Nígbà tó yá, kò kọrin mọ́, títí kan èyí tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ. Ohùn ilẹ̀kùn yẹn lọkùnrin yìí wá ń fi yangàn káyé! Ó dùn ún, ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí ọkọ òun mọ̀ kí òun tó kú. Àmọ́ bó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n á ní òkìkí ló ń wá.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gbé ojúlówó àwo orin atukọ̀ náà dé, òun àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lù ú. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé bí ohùn kejì kò bá sí níbẹ̀, atún-aago-ṣe kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ orin láàárín wọn mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹni tó létí máa fi gbọ́.

Àwo yí títí, ó parí. Ohùn kan ṣoṣo ni, ó gbẹ bí igi ìdáná. Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Atún-aago-ṣe kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ayédèrú àwo ni. Bó ṣe yíjú sí ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kì í bi ní nǹkan kan tó kan orin.

"Ìyá àwọn ọmọ, bá mi sọ fún wọn. Ṣé ohùn kejì ò sí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀," aránṣọ dáhùn. "Ẹ tẹ kásẹ́ẹ̀tì yín kí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kejì dé, ó tutù, ó jinlẹ̀, Tíṣà alára sì mi orí. Atún-aago-ṣe nàka sókè, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé bọ́tìnnì. Orin parí, gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́. Ohùn kejì kò dákẹ́. Òun nìkan ń kọrin lọ, wọ́n sì ń gbọ́ ìró máṣíìnì ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bí ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe já lù ú, ohùn tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn:

"Dákẹ́ jàre! Ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́rin? O ti ba ti olórin jẹ́."

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lófo. Bíríkìlà wo ilẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ àwo rẹ̀ mọ́. Atún-aago-ṣe wo máṣíìnì, ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí irin tó fi ń wà á, ojú sì tì í débi tó fi dà bíi pé ó kéré sí i lórí àga. Nígbà tí yóò fọhùn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, pé kó jọ̀ọ́, kó kọ orin náà díẹ̀ kí àwọn gbọ́.

Aránṣọ fi eyín já òwú.

"Ẹ ní kí n dákẹ́," ó ní. "Mo ti dákẹ́."

Ó fa ṣòkòtò mìíràn lé máṣíìnì, ó ń rán an lọ.