Ilẹ̀ Inú Fírísà

Màmá Ayẹléwò ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí kò sí ilé ọmọ tó máa wọ̀ tí kò ní tú u wò dé abẹ́ ibùsùn. Láàárọ̀ Sátidé tó lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò tíì jókòó dáadáa tó fi ṣí fírísà, ó ní òun fẹ́ mu omi tútù. Abọ́ fífẹ̀ kan ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, ó ti dì gbagidi.

"Yéè, mo gbé! Ìyàwó, ṣé yẹ̀pẹ̀ lo fi ń bọ́ ọmọ mi ni?"

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà jọ́gíráfì, sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú. "Ẹ fara balẹ̀, mà. Túńdrà ni."

"Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ilé yìí ló ń gbé?"

Ìyàwó pa ẹ̀rín mọ́nú. Ó ní ilẹ̀ kan ni, níbi tí òtútù ti ń mú bí nǹkan míì, pé ìpàtẹ kíláàsì òun lọ́sàn-án ọjọ́ náà lòun ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé abọ́ kejì wá láti ojú fèrèsé, koríko tutù yọ̀yọ̀ nínú rẹ̀. "Èyí ni pápá oníkoríko, mà. Ẹ ti ṣíbí bọ méjèèjì."

Ti pápá, ṣíbí wọlé wọ̀ọ̀. Ti túńdrà, ṣíbí tẹ̀.

"Kò ṣáà sígi nínú méjèèjì," ni Màmá wí, ó ń wá ẹjọ́. "Kí wá ni ìyàtọ̀?"

"Ohun tí kò jẹ́ kígi hù ni, mà. Ní pápá, òjò kì í tó, iná ń jó o, ẹran ń jẹ ẹ́. Ní túńdrà, ìsàlẹ̀ dì látọdún dé ọdún, gbòǹgbò igi ò ríbi wọ̀. Tí ìgbà ooru bá dé, òkè nìkan ló ń yọ́."

Ọmọ Màmá yọ láti yàrá, orí pípá rẹ̀ ń dán. Màmá wò ó títí.

"Ó ti yé mi. Pápá ni ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Túńdrà ni ọkọ rẹ."

"Màámi, kí ni mo ṣe?"

"Irun díẹ̀ tó wà lẹ́bàá etí yẹn ńkọ́?" ni Màmá bèèrè.

"Ewéko kéékèèké tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn, mà. Túńdrà náà ní in."

Lọ́sàn-án, Màmá ní òun nìkan lòun máa gbé túńdrà lé itan nínú mọ́tò. Kí wọ́n tó dé ilé-ìwé, òkè rẹ̀ ti yọ́, aṣọ Màmá ti rin gbingbin.

"Ó ti bàjẹ́," ni ìyàwó wí.

"Kí ló bàjẹ́?" Màmá gbé e ka tábìlì, ó sì ti ìka bọ ẹrẹ̀ òkè rẹ̀, ó fi kan ìsàlẹ̀ kó, kó. "Ẹ̀yin òbí, ẹ súnmọ́ ibí! Ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ ni. Omi rèé lókè, yìnyín rèé nísàlẹ̀!"

Àwọn èèyàn ya bò ó. Nígbà tí ìyàwó gbé àga wá, Màmá ò tilẹ̀ rí i. Ó ń gbá bàbá kan lọ́wọ́ pé kó má fọwọ́ yọ́ ilẹ̀ òun.