Ìbọn Tí Wọ́n Fi Ń Kí Ìyàwó

Ní Ìsàn-Èkìtì, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ àìsàn tó pa Dúrójayé síta. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, wọn a wo ọ̀tún wo òsì, wọn a rẹ ohùn sílẹ̀, wọn a ní "àìsàn burúkú yẹn." Wárápá ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni o. Àwọn ọmọ àdúgbò ju bánga sẹ́yìn rẹ̀, ó dún gbàmù, Dúrójayé ta gìrì, ó ṣubú, ara rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ẹni tó bá rí i á búra pé wárápá ni. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Adédoyin, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló kọ́kọ́ fura. Yunifásítì kan n'Ìbàdàn ló ti ń ṣe ìwádìí lórí ọkàn. Mi ò sọ ọkàn tí oníwàásù ń wí o, ẹran tó ń lù kì-kì-kì nínú àyà yìí ni mò ń sọ. Ohun tó ń lé kiri láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà lára ọkàn, tí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde. Àwọn ilẹ̀kùn yìí ló ń jẹ́ kí ọkàn lù, kó sinmi, kó tún lù. Nínú àwọn ìdílé kan, ọ̀kan lára wọn máa ń lọ́ra. Ọkàn á lù tán, kò ní tètè sinmi tán. Bí ìró òjijì bá wá ká a mọ́ ibi tí kò tíì sinmi tán yẹn, á dàrú, á máa gbọ̀n dípò kó máa lù, olúwa rẹ̀ á sì ṣubú lulẹ̀. Nígbà mìíràn ọkàn á tún ara rẹ̀ tò, ẹni náà á dìde, á máa wojú kiri. Nígbà mìíràn kò ní tún ara rẹ̀ tò.

Lásìkò Àjíǹde ọdún 1999, Adédoyin gbé ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí bébà wá sílé. Ó lẹ wáyà mọ́ gbogbo ará ilé láyà, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó fẹ́ fi iná mànàmáná pa wọ́n. Tirẹ̀ fúnra rẹ̀ dáa. Ti ìyá rẹ̀ dáa. Ó wá kan Bùkúnmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Dúrójayé fi sílẹ̀ sáyé, ẹni tó ti ṣubú rí nílé ìwé nígbà tí wọ́n lu agogo sí i létí. Níbi tó yẹ kí ìlà orí bébà ti wálẹ̀ kíákíá, ńṣe ló ń fà, tó ń fà. Adédoyin fa bébà náà ya. Ó tún un ṣe, ó tún rí ohun kan náà. Ó ká bébà náà pọ̀, ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lákọ̀tun.

Nígbà tó ṣàlàyé fún Mobọ́lá, ìyá Bùkúnmi, obìnrin yẹn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà.

"Ọkọ mi," ni Mobọ́lá wí, torí bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn, "ẹ dá mi lóhùn ẹyọ kan. Ṣé wárápá ni àbí kì í ṣe wárápá?"

"Kì í ṣe wárápá."

Yéè! Mobọ́lá fò sókè, ó so ìró mọ́dìí, ó jó yí yàrá ká. "Jésù ṣeun! Ojú ti ọ̀tá! Wọ́n ti parọ́ mọ́ wa tó!"

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Èyí burú ju wárápá lọ."

Ta ló ń gbọ́? Ẹ má bá Mobọ́lá wí jù. Ní agbègbè yẹn, bí ọmọ méjì bá fẹ́ fẹ́ra, ìdílé ọkọ á rán èèyàn wá wádìí ilé ìyàwó wò. Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Ọkùnrin méjì ti wá wo ojú Bùkúnmi, tí wọ́n pẹ̀yìn dà nítorí òfófó nípa ikú bàbá rẹ̀. Ọmọ náà rẹwà, ó kàwé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kàn wà nílé láìlọ́kọ ni. Ní báyìí, Abíọ́lá ará Ààyè-Èkìtì ti dé, Bùkúnmi sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Mobọ́lá fẹ́ gbọ́ nínú gbogbo ìwádìí Ìbàdàn ni "kì í ṣe wárápá." Ó ti gbọ́ ọ, ó tó o.

Adédoyin fún ọmọ náà ní oògùn tí yóò máa lò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo jí i, kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́. "Oògùn yìí ń ràn án lọ́wọ́ ni o," ló wí, "kò ní kó má gbọ́ ìró."

Ọjọ́ ìwádìí pé. Títílọlá, àbúrò bàbá Abíọ́lá, ni wọ́n rán wá láti Ààyè. Mobọ́lá ti ránṣẹ́ sí Adédoyin pé kó wá jókòó tì í, kí àlejò rí i pé dókítà wà nínú ẹbí. Adédoyin wá lóòótọ́, ó sì ti pinnu pé òun yóò sọ gbogbo rẹ̀. Títílọlá mu omi, ó kí wọn, ó yí ọ̀rọ̀ ká díẹ̀, ó wá bọ́ síbi tó ń lọ.

"Ẹ má bínú o, àwọn àgbà ló rán mi. A gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa bàbá ọmọ yìí."

Mobọ́lá gbé Bíbélì lórí tábìlì. "Kò sí wárápá nínú ilé yìí! Bí mo bá parọ́, kí Ọlọ́run bi mí. Àǹtí ọmọ ló jókòó yìí, iṣẹ́ ọkàn ló ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹ bi í."

Títílọlá yíjú. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà?"

Bùkúnmi dúró lẹ́bàá kọ́tìnnì, ó gbé tíréè kọ́ọ̀bù dání, kọ́ọ̀bù ń kọlura wìnnìwìnnì. Ó tẹjú mọ́ àǹtí rẹ̀. Adédoyin gbójú kúrò lára ọmọ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Kò sí wárápá."

Òótọ́ ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ itọ́ korò lẹ́nu rẹ̀ títí Títílọlá fi jẹun tán tó wọ mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló fa Bùkúnmi sí kọ̀rọ̀, ó mú un ṣèlérí pé òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún Abíọ́lá kí ìgbéyàwó tó dé.

"Mo ti gbọ́, Àǹtí," ni Bùkúnmi wí. Ó sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà Ìsàn, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, wọ́n fi takisí gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ ní Ààyè. Ìyá ìyàwó kì í bá wọn lọ, nítorí náà Adédoyin ló jókòó ti Bùkúnmi lẹ́yìn, Títílọlá wà níwájú.

"O ti sọ fún un?" ni Adédoyin bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Máa sọ, Àǹtí. Tí mo bá ti bí ọmọ kan."

Háà! Ìgbà yẹn ni Títílọlá yíjú padà tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyàwó, múra o! Ilé ọdẹ lò ń lọ. Kí wọ́n tó bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yìnbọn kí ọ. Gbogbo Ààyè ló máa gbọ́!"

Adédoyin wo ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ìbọn náà ò ya Bùkúnmi lẹ́nu.

"O mọ̀ nípa ìbọn yìí?"

"Mo ti lo oògùn méjì láàárọ̀," ni Bùkúnmi sọ. "Méjì, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

Mọ́tò ti yà sí agbo ilé. Àwọn ọdẹ ti tò síwájú ilé, ìbọn ti wà lókè. Abíọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ agbádá tuntun, eyín rẹ̀ ò pamọ́. Abọ́ omi wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Fágbèmí, bàbá ọkọ, ti na ọwọ́ sókè láti fún wọn láṣẹ. Adédoyin já ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, gèlè bọ́ lórí rẹ̀, ó sáré bọ́ sí àárín wọn.

"Bàbá, ẹ dákun! Ẹ má yìn ín!"

Bàbá Fágbèmí sọ ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí ló dé, àna wa? Nínú ulé yìí, ùyàwó tí a ò bá yìnbọn fún, ùyàwó tí a ò fẹ́ ni. Kí lẹ fẹ́ ká wí fún ará ìta?"

Irọ́ ló jáde lẹ́nu obìnrin tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ nídìí òótọ́. "Èmi ni, Bàbá. Ọkàn mi ò dáa. Bí ìbọn bá ró, mo lè kú síbí."

"Pẹ̀lẹ́ o!" Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá yìí tọkàntọkàn. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè wí? Kò le rárá. Abíọ́lá, wá ọ̀kadà kan kó gbé Dókítà jìnnà síbí. Bí wọ́n bá ti lọ tán, a ó yin ùbọn wa."

Wọ́n ti ń pe ọlọ́kadà. Ẹnìkan ti di Adédoyin lápá mú jẹ́jẹ́, ó ń fà á, ó ń ní kó má bẹ̀rù. Adédoyin tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá gun ọ̀kadà yẹn, òkú Bùkúnmi ni wọn yóò gbé wá bá a lójú ọ̀nà. Bó bá sọ̀rọ̀, ọmọ ti di ẹni àpatì. Ọ̀rọ̀ náà kó ṣìbáṣìbo bá a, ó kàn ń mi orí ni.

"Èmi ni, Bàbá."

Bùkúnmi ti sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyàwó. "Èmi ló ń ṣe. Àǹtí mi ò ní nǹkan kan. Ohun tó pa bàbá mi ni. Bí ìró ńlá bá dé lójijì, mo máa ń ṣubú. Ní ọjọ́ kan, mi ò ní dìde."

Títílọlá fọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ṣebí ẹ búra fún mi pé kò sí wárápá?"

"Kì í ṣe wárápá," ni Adédoyin wí. "Ọkàn ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Ìdáhùn tó wà fún ìbéèrè yẹn pọ̀ n'Ìbàdàn.

Bàbá Fágbèmí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wo ọmọ tó kúnlẹ̀ náà, ó sì kọjú sí àwọn ọdẹ. "Ẹ sọ ùbọn kalẹ̀. A ò ní pa ọmọ ọlọ́mọ. Abíọ́lá, kó wọn wọlé."

Abíọ́lá kó àwọn ìbọn náà, ó fi méjì kọ́ èjìká, ó kó ìyókù sápá, ó wọlé. Wọ́n ń dúró kó jáde wá bu omi sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọdẹ ń dúró. Títílọlá ń mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Bàbá Fágbèmí pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè, kò sẹ́ni tó dáhùn nínú ilé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adédoyin lóṣòó ti Bùkúnmi, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ìka wá ibi tí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ. Ó rí i. Ó ń lù déédéé, kò yára, kò lọ́ra.

Bùkúnmi já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Àǹtí," ló wí. "Ṣebí mo ti yè."